Ògiri Tó Wà Láàárín Àwa àti Ilé Lìádì

Kabawa, Lọ́kọ́jà
10 oṣù kẹjọ, 1987

Patricia ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń ṣe, mo sì kí òtútù tí o ní ó ń wọ egungun yín ní Manchester. Àwa náà wà. Odò ti kún dé ẹ̀yìn ọjà, òjò kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ òpópónà tí ọ́fíìsì wa ń ṣe lọ síwájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sùúrù kà, nítorí mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Iléyá kọjá ní ọjọ́rú tó lọ. Láti ìgbà tí mo ti ra ilé yìí, nígbà tí o kò tíì wọ ilé ìwé, kò sí Iléyá kan tí Lìádì aládùúgbò wa kò gbé ẹran gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjèèjì wá fún wa, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń gbé ìrẹsì gba ibẹ̀ lọ ní Kérésìmesì. Lọ́dún yìí, ẹran kò dé. Wọ́n pa àgbò. Mo rí èéfín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọjú.

Bí ó bá jẹ́ ẹran nìkan ni, n kò ní fi bébà ṣòfò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jó ṣọ́ọ̀ṣì lókè Kàdúná nínú oṣù kẹta ni mo ti ń ṣàkíyèsí ilé náà, gbogbo ohun tí mo sì rí ló bá ara mu. Wọ́n yí ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí kọ sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àlejò kan wá bá wọn láti Ìlọrin, wọ́n pẹ́, wọn kò kí wa. Jímọ́ọ̀ ọmọ wọn, tí ẹ jọ máa ń ṣeré, tó ti di bíríkìlà báyìí, ti dá irùngbọ̀n sí, ó sì máa ń dúró wo àgbàlá wa. Mo bi í lánàá pé, "Kí lò ń wò?" Ó ní, "Ewúrẹ́ wa ni mò ń wá, bàbá." N kò rí ewúrẹ́ kankan.

Èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀. Apá òsì rẹ̀ a máa kú, kò ní mọ̀ bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án. Ìgbákọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iná. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Kàrímọ́tù ìyàwó Lìádì gbé túwó wá fún un. N kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn so ọjọ́ pọ̀ mọ́ ọjọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu láti mọ ògiri dí ọ̀nà náà. Kọ èrò rẹ sí mi gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì.

Bàbá rẹ,
J. Bámiṣayé


Manchester
6 oṣù kẹsàn-án, 1987

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkun o, bàbá. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí màmá kú ìtọ́jú ilé.

Ẹ má bínú sí ohun tí n ó sọ. Mo gbọ́ pé ní Iléyá èṣí, iwájú ajá ni ẹ da ẹran Lìádì sí, torí alàgbà tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì yín sọ pé ohun tí wọ́n bá pa sí Iléyá kò yẹ lẹ́nu onígbàgbọ́. Mo sì gbọ́ pé Jímọ́ọ̀ dúró lójú ọ̀nà náà, ó ń wò yín. Bàbá, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó tún gbé ẹran wá? Ṣé ẹ tilẹ̀ bi wọ́n? Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ibi tí ẹ ti bi ẹnikẹ́ni léèrè, àfi Jímọ́ọ̀, òun náà sì dá yín lóhùn, ẹ kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí gìrì gbé mi ní kékeré, tí ẹ̀yin wà ní Pólì ní Kàdúná, Kàrímọ́tù ló pọ̀n mí sáré lọ sí ọsibítù. Màmá kì í yé sọ ọ́. Òun kan náà lẹ wá ń so túwó rẹ̀ mọ́ apá màmá.

Ní ti apá náà, ẹ dárí jì mí, n kò gbàgbọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń jà, ara a máa ro màmá. Ohun tí ẹ ó fi kọ́ àwọn ènìyàn yẹn lọ́rùn ni ẹ ń wá. Bí mo ti rí ọ̀rọ̀ túwó ni mo ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Níbí, àwọn aláìsàn kan wà tí kì í fẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn. Ohunkóhun tí mo bá ṣe, wọ́n ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí n tó ṣe é. N kò rò pé n ó bá irú rẹ̀ pàdé nínú lẹ́tà bàbá mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má mọ ògiri náà.

Ọmọ yín,
Patricia


Kabawa, Lọ́kọ́jà
1 oṣù kọkànlá, 1987

Patricia,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ.

Ajá kì í kọ lẹ́tà sí Manchester. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo da ẹran kan sí ibì kan. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ẹni tó dúró tó ń wò mí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yé mi pé wọ́n ń kọ̀wé sí ọ. Wọ́n ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá mi. Mo dúpẹ́ tí o jẹ́ kí n mọ̀.

A ti mọ ògiri náà. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni, ó ga ju orí mi lọ, a sì to àfọ́kù ìgò sí i lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, Kàrímọ́tù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yẹ̀pẹ̀.

"Bàbá Patricia, ọ̀nà wo ni n ó máa gbà wá kí ìyàwó yín báyìí?"

Mo ní, "Ojú títì wà."

"Bí mo bá gba ojú títì, àfi kí n yí ẹ̀yìn ilé àwọn Nupe yẹn ká. Ẹ sì mọ orúnkún mi."

"Ọlọ́run á fún yín lókun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tọ̀. Ẹ sọ fún àwọn bíríkìlà yín kí wọ́n po sìmẹ́ńtì tó dáa. Jímọ́ọ̀ ní iyanrìn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ìwọ náà rò ó wò. Kí ló kan ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn nípa bí ògiri ẹlòmíràn ṣe le sí? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ra àgádágodo sí géètì. Ọwọ́ ìyá rẹ kò lágbára láti ti ìlẹ̀kùn irin náà láti inú, nítorí náà èmi ni mo máa ń tì í láti ìta bí mo bá ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀. Kò kúkú lọ síbì kan mọ́. Kàrímọ́tù ló máa ń sìn ín lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò; ìyá rẹ ní òun kò lọ mọ́. Mo ní n ó mú un lọ bí àyè bá yọ lẹ́nu iṣẹ́. Apá náà wà bí ó ṣe wà. N kò tún ní fi dà ọ́ láàmú, níwọ̀n bí o ti sọ pé irọ́ ni.

Bàbá rẹ,
J. Bámiṣayé


Manchester
29 oṣù kọkànlá, 1987

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Àǹtí Eunice, àbúrò màmá, ló kọ̀wé sí mi nípa ẹran náà. Ilé wa ló ti lo ìsinmi Iléyá èṣí. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé pé ó wà lójú fèrèsé. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé Lìádì tó kọ̀wé sí mi rí.

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà. Ẹ ó sọ pé wọ́n ti gba Àǹtí Eunice pẹ̀lú. Nítorí náà, n kò ní kọ̀wé sí yín mọ́ títí ọ̀nà náà yóò fi ṣí. Káàdì Kérésìmesì tó wà nínú àpò ìwé yìí, màmá ló ni ín.

Patricia


Kabawa, Lọ́kọ́jà
17 oṣù kìíní, 1988

Patricia,

Mo kí ọ kú ọdún. Mo fún ìyá rẹ ní káàdì náà. Abẹ́ ìrọ̀rí ló fi í sí.

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, síbẹ̀ ojúṣe bàbá ni kí ó sọ ohun tó ń lọ nílé. A kò gbé ìrẹsì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní Kérésìmesì. Mo retí pé wọn yóò bèèrè ìdí. Wọn kò bèèrè. O rí i pé kò dùn wọ́n.

Ìyá rẹ ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri náà. Ibẹ̀ ló máa ń ṣa ẹ̀wà. Bí mo bá ń wẹ ojú láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ tó ń fi ṣíbí kan búlọ́ọ̀kù, ẹnì kan ní òdì kejì á sì kàn án padà. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

Ó ní, "A kò sọ nǹkan kan. A ń kí ara wa ni."

"Ṣé ṣíbí ni wọ́n fi ń kíni?"

Ó wò mí. "Ẹ ti mú ẹnu kúrò. Ṣíbí ló kù."

N kò fẹ́ràn rẹ̀. Àmì tí ènìyàn méjì mọ̀, tí ẹni tó ni ilé kò mọ̀, kì í ṣe ohun àmúṣeré lásìkò yìí. N ó wádìí rẹ̀.

Bàbá rẹ


Kabawa, Lọ́kọ́jà
16 oṣù kẹta, 1988

Patricia ọmọ mi,

Wáyà tí mo tẹ̀ sí ọ yóò ti dé. Mo bá ọ kẹ́dùn, mo bá ara mi kẹ́dùn. A ti gbé ìyá rẹ relé, sí ìlú wa ní Ìjùmú, a sì ti sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Mo mọ̀ pé o kò lè wá.

Mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí mo ti rí i, kí o má bàa gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje, mo ti géètì, mo lọ sí ọ́fíìsì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Lìádì fúnra rẹ̀ já wọ ọ́fíìsì mi, òógùn bò ó, kò wọ bàtà. Ó ní ìyá rẹ ti ṣubú, kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ géètì kí òun gun alùpùpù padà. Báwo ló ṣe mọ̀ kí èmi tó mọ̀? Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ló ń bèèrè. N kò fún un. Mo kó ìwé mi jọ, mo ti àpótí, mo wá ọkọ̀.

Nígbà tí mo dé, àgádágodo wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣí i. Ihò ńlá wà lára ògiri, ní ìsàlẹ̀, ó tó kí ènìyàn rá gbà á kọjá. Jímọ́ọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú díígà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka rẹ̀. Ibi tí sìmẹ́ńtì kò ti dì ló lù. Ó mọ ibẹ̀. Ìyá rẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kì í ṣe ẹní wa. Wọ́n ká aṣọ sí i lábẹ́ orí, wọ́n fi aṣọ tútù lé e níwájú orí, wọ́n sì fi ìró Kàrímọ́tù bò ó ní ẹsẹ̀. Kàrímọ́tù gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ti kú.

N kò pariwo. Mo lọ pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú Jímọ́ọ̀, ó sì ti wà lẹ́wọ̀n báyìí, ó ń retí ìdájọ́ fún ìfọ́lé àti fún ikú ìyá rẹ. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú orí rẹ̀. Mo bi í bóyá ìpáyà lè fà á. Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀. Mo sọ èyí fún ọlọ́pàá. Wọn kò rí nǹkan kan jí gbé, nítorí pé àyè kò gbà wọ́n. Ìró náà wà lọ́wọ́ mi. Mo tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀rí.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́. Ìwọ àti Jímọ́ọ̀ jọ dàgbà. Kọ lẹ́tà kan tí n ó lè fi han adájọ́, kí o sọ irú ọmọ tí ó jẹ́. Rántí pé ó fi òkúta fọ́ fèrèsé wa nígbà kan.

Bàbá rẹ,
J. Bámiṣayé


Manchester
5 oṣù kẹrin, 1988

Bàbá mi,

Mo kí yín kú àfẹ́kù. Mo kí ara mi. Láti ọjọ́ tí wáyà dé ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń tọ́jú ìyá àwọn ẹlòmíràn.

Mo ti ka lẹ́tà yín débi pé ó ti ń ya. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ṣe bí ẹni pé àjèjì ló kọ ọ́. Ẹni tó wá fọ́lé kì í gbé ẹní wá láti ilé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn kì í rẹ aṣọ sómi fi lé e níwájú orí. Bàbá, ìró ara rẹ̀ ni obìnrin náà tú bo màmá, níwájú ọmọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ láti fi mú wọn, ohun tí wọ́n fi fẹ́ gbà á là ni. Ojú yín rí i, ọwọ́ yín kọ ọ́, ẹ kò sì mọ ohun tí ẹ kọ.

Géètì wà ní títì. Lìádì wá bẹ̀ yín. Àpò ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

N kò kọ èyí kí n lè dúró lórí òkè máa wò yín. Nínú lẹ́tà yín oṣù kẹjọ, ẹ sọ pé orí ń fọ́ ọ, apá òsì rẹ̀ ń kú, nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aláìsàn tí n kò mọ̀ rí bá sọ èyí fún mi, n ó sáré pe dókítà. Bàbá mi ló sọ ọ́. Mo ti mọ irú ẹni tí mo kà yín sí, nítorí náà túwó nìkan ni mo kà. N kò ka apá. Ohun tó pa màmá, ẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tó ṣì ṣeé wò. Ìdáhùn tí mo fún yín ni pé n kò gbàgbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo dákẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé inú ń bí mi.

Ní ti fèrèsé, èmi ni mo sọ òkúta yẹn. Jímọ́ọ̀ ló ní òun ni, torí ó mọ̀ pé ẹ kò ní na ọmọ ẹlòmíràn. Lẹ́tà tí ẹ ní kí n kọ nìyí. Ẹ fi han adájọ́ bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín dìde níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kí ẹ má fi ìtumọ̀ kankan kún un. Bí ẹ kò bá ṣe é, Jímọ́ọ̀ yóò kú síbẹ̀, ìyẹn yóò sì jẹ́ òkú kejì láti inú ọ̀nà kan náà.

Patricia


Kabawa, Lọ́kọ́jà
31 oṣù keje, 1988

Patricia ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. N kò lè kọ̀wé sí ọ kí n tó ní ohun tí n ó kọ.

Lẹ́tà rẹ wà nínú àpótí mi ní ọ́fíìsì fún ìgbà pípẹ́. Mo wá ìdáhùn sí i. Ènìyàn tó kàwé máa ń rí ìdáhùn. Mo rí i pé o ti pẹ́ ní òkè òkun, pé ojú rẹ kò tó ilé. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Nínú oṣù kẹfà, mo dúró níwájú adájọ́, mo sọ̀rọ̀ ẹní, mo sọ̀rọ̀ aṣọ tútù, mo sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Agbẹjọ́rò ìjọba bi mí ìdí tí n kò fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Mo ní mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ohun tó túmọ̀ sí kí n tó sọ ọ́. Wọ́n dá Jímọ́ọ̀ sílẹ̀. Ó rù, ó ń wúkọ́, wọ́n sì ti gbá a létí níbi tí wọ́n tì í mọ́.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. N kò retí ẹran. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ká ìró Kàrímọ́tù, mo gba ojú títì, mo yí ẹ̀yìn ilé àwọn Nupe ká. Ó jìn ju bí mo ti rò lọ.

Lìádì ní, "Bàbá Patricia, ẹ jókòó." Wọ́n fún mi ní omi. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì.

Ó ní, "A ti gbọ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Etí òsì ti lọ."

Mo bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo kí i. Ó gbọ́ mi. Mo rí i pé ó gbọ́. Ó ń fọ irin tó fi ń lẹ sìmẹ́ńtì lọ.

Kàrímọ́tù ló sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní, "Láràárọ̀ ló máa ń fi ṣíbí kan ògiri, èmi náà á kàn án. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn án, kò dáhùn. Mo tún kàn án. Mo wá gbọ́ èémí kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọn ikun. Mo ké pe Jímọ́ọ̀. A lọ sí géètì yín, a mì ín, a kígbe. Ó ṣì ń mí nígbà tí a wọlé tọ̀ ọ́. Ihò náà kò gba ènìyàn tí kò lè rá, ìdí nìyẹn tí bàbá Jímọ́ọ̀ fi wá bá yín." Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́. "Ìró mi." Mo fún un. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ká a kékeré, ó gbé e wọlé.

Mo sọ fún Lìádì pé n ó wó ògiri náà. Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi sílẹ̀. Jímọ́ọ̀ ti mọ tiwa sẹ́yìn tiyín."

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo wo inú ihò náà. Búlọ́ọ̀kù tuntun ni mo rí. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì tirẹ̀ dáa. Iyanrìn rẹ̀ kò pọ̀ jù.

N kò ní kí o padà wálé. Mo ti gbé àpótí ìjókòó ìyá rẹ kúrò nídìí ògiri, mo sì tún ti gbé e padà síbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Wọ́n wà ní òdì kejì báyìí, gbogbo wọn, ó jọ pé wọ́n ń jẹun. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Patricia. Ògiri méjì ló wà láàárín wa. Síbẹ̀, kí ẹ̀rín náà tó parí, mo ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń rín.

Bàbá rẹ,
Joseph Bámiṣayé